Orín àta, omi àti ẹ̀jẹ̀: ìtàn fòníkú-fọ̀la-dìde àti ìwòsàn ilẹ̀ wa

 

Bí ẹ bá gba ọjà kọjá lóde òní, tàbí tí ẹ tan rédíò, ẹ ó gbọ́ ohùn ẹni tó ń ta àgúnmu, àgbo inú ìgò àti tisane. Oògùn kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó ní ó ń wo ibà, jẹ̀díjẹ̀dí, ìtọ̀ ṣúgà àti drépanocytose. Àwọn kan tilẹ̀ ti fi orúkọ òyìnbó bo iṣẹ́ náà, wọ́n ní naturopathe làwọn. Ní ìhà kejì, àwọn tó kàwé wà tí wọ́n ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé ewé kò ní nǹkan kan nínú ju kíkorò lọ. Ìhà méjèèjì ló ń pa ọmọ. Èyí àkọ́kọ́ ń mú kí òbí pẹ́ kó tó dé ilé ìwòsàn, èkejì sì ń mú kí a ju ohun tí àwọn baba wa mọ̀ nù láìyẹ̀ ẹ́ wò. Èmi olùkọ́ ni mí, n kì í ṣe dókítà, n kì í sì í ṣe oníṣègùn. Ìtàn ni mo fẹ́ fi dá wọn lóhùn, nítorí pé ìtàn drépanocytose kan ilẹ̀ wa ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ.

ORÚKỌ TÍ ÀWỌN BABA WA SỌ Ọ́

Àwọn àgbà wa kò dúró de òyìnbó kí wọ́n tó mọ àìsàn yìí. Fòníkú-fọ̀la-dìde ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì ti ṣe àlàyé ara rẹ̀. Lónìí, ọmọ á dùbúlẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́ lára rẹ̀. Eegun á máa ro ó, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á wú, ẹyinjú á pọ́n bí ìyeyè. Lọ́la, ọmọ kan náà á dìde, á béèrè oúnjẹ, á sáré jáde lọ ṣeré. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ti fi ojú ara rẹ̀ rí i lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ibà lásán.

Kì í ṣe àwa nìkan. Dókítà ọmọ Gánà kan, Felix Konotey-Ahulu, kó àwọn orúkọ tí àwọn ẹ̀yà ibẹ̀ ń pè é jọ. Àwọn Ga ní chwechweechwe, àwọn Fante ní nwiiwii, àwọn Twi ní ahotutuo. Àwọn Ewe, tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò wa ní Tógò, ń pè é ní nuidudui. Ẹ pe àwọn orúkọ náà sókè, ẹ ó gbọ́ bí ohùn ti ń padà lé ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìrora ti ń jẹ eegun, tó ń sinmi, tó tún ń jẹ ẹ́. Dókítà yìí tọpa àìsàn náà nínú ìdílé tirẹ̀, láti ìran dé ìran, padà sẹ́yìn títí dé ọdún 1670. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ àbíkú náà kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ wo àwọn orúkọ tí a ń sọ ọmọ: Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó, Kòsọ́kọ́. Kòsọ́kọ́ ni pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ mọ́. Ìdílé tó ti sin ọmọ léraléra ló ń sọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo àbíkú ni àìsàn ẹ̀jẹ̀ yìí pa o. Ibà pa púpọ̀ nínú wọn, èéyi pa púpọ̀, tétánù náà pa tirẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ti kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún, tí àwọn ọmọ ìyá wọn yòókù sì ń dàgbà láìní nǹkan kan, ó yẹ kí ọkàn wa lọ síbi ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti pe ọ̀pọ̀ ìyá ní àjẹ́ nítorí irú ikú bẹ́ẹ̀. Ẹ ó rí i níwájú pé bàbá àti ìyá ló jọ ń gbé e fún ọmọ, kò sì sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é nínú wọn.

DÒJÉ NÍNÚ Ẹ̀JẸ̀

Ní ọdún 1910, dókítà James Herrick ní ìlú Chicago kọ̀wé nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá láti erékùṣù Grenada, Walter Clement Noel, tó ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eyín. Nígbà tí wọ́n fi microscope wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn hóró ẹ̀jẹ̀ pupa tó yẹ kó rí roboto ti tẹ̀ kọrọdọ bíi dòjé. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Àwọn Gíríìkì ń pe dòjé ní drépanon, òun ni a fi ń pe àìsàn náà ní drépanocytose ní èdè Faransé. Ìwé òyìnbó ka ọdún 1910 sí ọdún tí wọ́n rí àìsàn yìí. Ẹ rántí 1670.

Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé hémoglobine, ohun tó ń gbé atẹ́gùn kiri nínú ẹ̀jẹ̀, ló yàtọ̀ lára ẹni tó ní àìsàn náà. Ọdún kan náà ni James Neel fi yé àwọn ènìyàn pé bàbá àti ìyá méjèèjì gbọ́dọ̀ gbé e fún ọmọ kí ọmọ tó ṣàìsàn. Ní 1954, Anthony Allison, tó ṣiṣẹ́ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, fi hàn pé ẹni tó gba ẹyọ kan péré, tí à ń pè ní AS, máa ń rí ààbò díẹ̀ lọ́wọ́ ibà tó le. Ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí bíi tiwa. Àjọ ìlera àgbáyé, OMS, sọ pé ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní agbègbè équateur, láti 10 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló ń gbé ẹyọ kan yìí kiri.

Ẹni tó jẹ́ AS kì í ṣe aláìsàn. Ṣùgbọ́n bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn bí mo ti ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: ìdá kan nínú mẹ́rin kò túmọ̀ sí pé bí ẹ bá bímọ mẹ́rin, ẹnì kan péré ni yóò ṣàìsàn. Oyún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ta ayò rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹlòmíràn á bí mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á yè é. Ẹlòmíràn á bí mẹ́ta, méjì á jẹ́ SS. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, C tún wà pẹ̀lú, SC náà sì ń ṣàìsàn.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ wa kò tíì gbọ́. Ní 1984, Josée Pagnier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn pé ìyípadà yìí kò ti ibì kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ ní Áfíríkà. Wọ́n fi orúkọ ibi tí wọ́n ti rí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò pe irú kọ̀ọ̀kan: Sénégal, Bantou, àti Bénin. Bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ orílẹ̀-èdè wa ló wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ káàkiri ayé. Irú Bénin yìí ló wà lára àwa àti àwọn ará Nàìjíríà. Ó wà lára àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí erékùṣù Caraïbes, ó sì pọ̀ ní Bahia ní Bràsíìl, níbi tí àwọn ilé òrìṣà ṣì ń pe ara wọn ní orílẹ̀ Kétu títí di òní. Kì í ṣe orin àti òrìṣà nìkan ni àwọn tí wọ́n kó lọ gbé sọdá òkun.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara? Bí atẹ́gùn bá dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, hémoglobine S á so mọ́ ara wọn, hóró ẹ̀jẹ̀ á le, á tẹ̀ bíi dòjé, á há sínú àwọn iṣan tín-ín-rín. Ibi tó há sí ni ìrora ti ń wá. Àwọn hóró wọ̀nyí kì í pẹ́ kí wọ́n tó fọ́, òun ló ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ojú tó pọ́n. Ohun tó ń ru ìrora náà sókè ni òùngbẹ, òtútù, ibà, àárẹ̀ púpọ̀ àti àrùn tó wọlé sí ara. Ẹ tún wo àwọn nǹkan márùn-ún yẹn dáadáa, a ó padà sí wọn.

ORÍN ÀTA NÍ ILÉ-IFẸ̀

Gbogbo yín lẹ mọ igi àta. Ẹ̀gún wà lára rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ la fi ń ṣe orín, ó ń ta lẹ́nu bí ata, ètè á sì kú díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ewé ń pè é ní Zanthoxylum zanthoxyloides. Nínú ìwé àtijọ́, ẹ ó rí i bíi Fagara.

Ní yunifásítì Ifẹ̀, àwọn olùkọ́ ìmọ̀ oògùn ń yẹ àwọn orín ilẹ̀ Yorùbá wò láti mọ èyí tó ń pa kòkòrò ẹnu. Abayomi Sofowora wà lára wọn. Eyín ni wọ́n ń wá, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n rí. Wọ́n ṣàkíyèsí pé omi orín àta ń ṣe nǹkan sí hóró ẹ̀jẹ̀ pupa. Ní 1971, Sofowora àti dókítà Isaacs-Sodeye tẹ ohun tí wọ́n rí jáde: nígbà tí omi gbòǹgbò àta kan àwọn hóró tó ti tẹ̀ bíi dòjé, wọ́n ń padà sí roboto.

Ẹ fojú inú wo bí ìròyìn yìí ti rí nígbà náà. Ohun tí ìyá àgbà ń rún lẹ́nu láàárọ̀ kùtùkùtù ni yunifásítì ń gbé sórí tábìlì. Àwọn onímọ̀ mìíràn tẹ̀ lé wọn, wọ́n wá ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú gbòǹgbò náà. Lẹ́yìn náà, àwọn mìíràn yẹ èso òtílí, tí a ń sè jẹ, wò fún iṣẹ́ kan náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má sáré. Inú ìgò ni hóró ẹ̀jẹ̀ ti padà sí roboto. Ara ènìyàn ní ikùn, ó ní ẹ̀dọ̀, ó ní kíndìnrín, ohun tí a bá mu gbọ́dọ̀ gba gbogbo wọn kọjá kó tó dé inú ẹ̀jẹ̀. Ìdánwò inú ìgò ń fi ọ̀nà hàn wá, kò tíì mú wa délé. Àwọn tó ń fi ìwé 1971 yẹn polówó ọjà kì í ka ibẹ̀ síta.

ÈRÒJÀ MẸ́RIN LÁTI ILÉ ÌDÁNÁ

Ẹni tó lọ síwájú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni oníṣègùn ìbílẹ̀ kan ní ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà, Rẹ́fẹ́rẹ́ǹdì P. O. Ogunyale. Ó ní àgbo kan tí ìdílé rẹ̀ ń lò fún fòníkú-fọ̀la-dìde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn wa kì í ṣe: ó bá iléeṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba Nàìjíríà ní Abuja, NIPRD, ṣe àdéhùn, ó sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wọn.

Kí ló wà nínú rẹ̀? Nǹkan mẹ́rin: hóró ìyèré, igi osùn, kànáfùrù, àti ewé ọkà bàbà. Ìyá wo ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ ni kò mọ̀ wọ́n? Ìyèré wà nínú ọbẹ̀. Osùn la fi ń pa ara ìyàwó àti ọmọ tuntun. Ewé ọkà bàbà ni àwọn obìnrin Fúlàní fi ń sọ wàrà líle wọn di pupa kó tó dé ọjà. Èrò àwọn àgbà pé ewé kì í dá ṣiṣẹ́, pé bí àgbo kò bá jẹ́ ó lè jẹ́ pé ewé kan ni kò pé, òun gan-an ló wà nínú àgbo mẹ́rin yìí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ló darí iṣẹ́ náà. Wọ́n sọ oògùn náà ní Niprisan. Ní 2001, wọ́n tẹ èsì ìdánwò kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú aláìsàn 82. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tí kò ní nǹkan kan nínú. Nígbà tó ṣe, wọ́n pààrọ̀ wọn. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń lò, dókítà náà kò mọ̀. Èsì rẹ̀ ni pé ìrora tó le dín kù fún àwọn tó ń lo Niprisan. Kò wo àìsàn náà tán, kò sì sọ SS di AA. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìrora ń dá dúbúlẹ̀ lóṣooṣù, bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mélòó kan, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Ibi tí ìtàn náà ti bàjẹ́ nìyí. Ní 2002, wọ́n fún iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, láṣẹ láti máa ṣe é. Ní 2006, wọ́n gbé e jáde sí ọjà ní Nàìjíríà pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Ní 2008, gbèsè wọ Xechem lọ́rùn, iléeṣẹ́ náà dojú dé. Oògùn tí ìdílé kan gbé láti ìran dé ìran, tí ìjọba fi owó yẹ̀ wò, tí wọ́n dán wò lára ènìyàn, wá há sí ọwọ́ olówó tí kò lè san gbèsè. Ìyèré kò tán lọ́jà o. Osùn kò tán nínú igbó. Ẹni tí yóò máa ṣe é pẹ̀lú ìwọ̀n kan náà, ní ìmọ́tótó kan náà, ní iye tí tálákà lè san, òun la kò ní nígbà náà.

ÌLÀNÀ TÍ WỌ́N GBÉ DÉ LÁTI ÒKÈ ÒKUN

Ẹ jẹ́ kí a wá yà sí ọ̀dọ̀ àwọn naturopathe. Iṣẹ́ wọn ní ìtàn tirẹ̀. Àlùfáà Kátólíìkì kan ní Jámánì, Sebastian Kneipp, tí wọ́n bí ní 1821, ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró nígbà èwe rẹ̀. Ó ń bọ́ sínú odò Danube nígbà òtútù, ara rẹ̀ sì yá. Ó fi ìyókù ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti ń fi omi tútù, ewé, oúnjẹ tó mọ níwọ̀n àti ìrìn tọ́jú ara. Ìwé rẹ̀ lórí ìwòsàn omi jáde ní 1886. Benedict Lust, ọmọ Jámánì tí omi Kneipp wò sàn, gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni orúkọ naturopathie ti gbilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Ní ilẹ̀ Faransé, Pierre-Valentin Marchesseau bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó sí ìlànà láti nǹkan bí 1935: kí a kọ́kọ́ fọ ìdọ̀tí inú ara nù, kí a fún ara lókun, kí a sì mú un dúró déédéé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé ti kọ́ iṣẹ́ náà.

Àwọn ìlànà ńlá wọn kò burú. Má ṣe ohun tí yóò pa aláìsàn lára. Wá ìdí àìsàn. Wo gbogbo ènìyàn náà, má wo ibi tó ń dùn ún nìkan. Kọ́ ọ láti tọ́jú ara rẹ̀. Dènà àìsàn kó tó dé. Èwo ni babaláwo tàbí oníṣègùn gidi kò mọ̀ nínú wọn? Àwọn baba wa náà máa ń béèrè ibi tí aláìsàn ń sùn, ohun tó ń jẹ, ẹni tí wọ́n jọ ń jà, kí wọ́n tó já ewé.

Ewu rẹ̀ wà níbi tí ènìyàn bá di ìṣe mú tó gbàgbé ìlànà. Ẹ padà sí nǹkan márùn-ún tó ń ru ìrora fòníkú-fọ̀la-dìde sókè. Omi tútù tí Kneipp fi wo ara rẹ̀ lè dá ọmọ SS dúbúlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ààwẹ̀ àti oògùn ìyàgbẹ́, tí wọ́n ní ó ń fọ inú mọ́, ń gbẹ omi ara, òùngbẹ sì ni ọ̀tá ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá fún ọmọ SS ní tisane tó ń yàgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta nínú ọyẹ́, tó ní òun ń lé ìdọ̀tí jáde, òun gan-an ló ń ti ọmọ náà sínú ìrora. Ó ti rú ìlànà àkọ́kọ́ nínú ìwé ara rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà ọyẹ́ ni à ń rí àwọn ọmọ tí ìjókòó wọn ṣófo ní kíláàsì, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ pé inú ọmọ ni wọ́n ń fọ̀ nílé.

OHUN TÍ WỌ́N ṢE NÍ KÚTỌNU

Ìtàn tó kàn yìí, tiwa ni. Ní àwọn ọdún 1990, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mohamed Chérif Rahimy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Kútọnu fún àwọn ọmọ tó ní drépanocytose. Wọn kò ní ẹ̀rọ ńlá. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n kọ́ àwọn ìyá láti mọ àmì ewu: ibà, ojú tó ṣàdédé funfun, ikùn tó wú níhà òsì níbi tí ọlọ inú wà. Wọ́n kọ́ wọn nípa oúnjẹ. Wọ́n tẹnu mọ́ omi mímu. Wọ́n ń fún ọmọ ní oògùn tó ń dènà ibà àti èyí tó ń dènà àrùn kòkòrò, wọ́n ń fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì ń rí i déédéé kó tó ṣàìsàn.

Ní 2003, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Blood, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ ayé ń kà. Ìrora tó le dín kù, àwọn ọmọ dàgbà dáadáa sí i, ọ̀pọ̀ tí ìbá kú sì yè. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun wò, kí ìtọ́jú lè tètè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ fi èyí wé ìlànà tí mo kà lẹ́ẹ̀kan. Dídènà ṣáájú ìwòsàn, oúnjẹ, omi, kíkọ́ ìyá, wíwo gbogbo ọmọ náà. Tí ènìyàn bá ń wá ibi tí wọ́n ti ṣe ìwòsàn tó bá ìdá ara mu ní orílẹ̀-èdè wa, kó wo ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àti pẹnisílíìnì wà nínú rẹ̀, àgbo kò sí nínú rẹ̀, síbẹ̀ ohun tí ìyá ń ṣe nílé lójoojúmọ́ ló gbé e ró.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ DÉ LÓNÌÍ

Ní Burkina Faso, iléeṣẹ́ ìwádìí IRSS mú gbòǹgbò àta kan náà, wọ́n fi gbòǹgbò bomubómú kún un, wọ́n sọ ọ́ di oògùn FACA. Ní 2010, ìjọba wọn fún un láṣẹ láti wọ ọjà. Bomubómú yìí ni ewé tí àwọn Fúlàní fi ń mú wàrà dì. Oje rẹ̀ ní májèlé, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe já a lẹ́yìn ilé fún ọmọ. Ìwọ̀n ló sọ ọ́ di oògùn, ìwọ̀n yẹn sì ni iléeṣẹ́ ìwádìí wà fún.

Àwọn dókítà ní hydroxyurée, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àìsàn yìí ní 1998, tó sì ń dín ìrora kù. Pípààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun lè wo ẹlòmíràn sàn. Ní ìparí ọdún 2023, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tó ń tún ohun àjogúnbá inú ẹ̀jẹ̀ ṣe, owó ọ̀kan lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Ẹ gbé iye yẹn síwájú ẹni tó ń ta ìgò ẹgbẹ̀rún méjì fránkì, tó ní ó ń sọ SS di AA. Ẹ bi í pé ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹni tó wò sàn dà, èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú àti èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn.

Mo tún fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún àwọn oníṣègùn wa, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ mọ Pierre Verger, ọmọ Faransé tí wọ́n tẹ̀ nífá ní Kétu ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, tó di Fátúmbí. Ó kó ewé àti ọfọ̀ jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé ńlá rẹ̀ lórí ewé sì jáde ní Bràsíìl ní 1995. Èdè Pọtogí ni wọ́n kọ àlàyé rẹ̀.  Ìdí tí ẹ fi ń pa àṣírí mọ́ yé mi. Ẹni tó bá rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Niprisan yóò bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ewé tí a kò kọ sílẹ̀ ń bá àgbà wọ ilẹ̀. Ogunyale sọ tirẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí, ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi wà nínú ìtàn. Ẹ kọ ọ́, ẹ fi pa mọ́ sọ́dọ̀ ọmọ tó kàwé, ẹ béèrè àdéhùn kí ẹ tó fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Fún àwa yòókù, iṣẹ́ wa kò le. Kí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ṣe électrophorèse kí wọ́n tó lọ tọrọ ìyàwó, kì í ṣe lẹ́yìn tí a ti pa ẹran ìgbéyàwó tán. Kí ọmọ SS máa mu omi púpọ̀, kí ó sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn, kí wọ́n fi aṣọ bò ó lára nígbà ọyẹ́, kí olùkọ́ má ṣe nà án nítorí pé ó ń tọrọ àyè láti lọ mu omi tàbí láti lọ tọ̀. Bí ibà bá mú un, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ, lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá ń fún un ní àgbo, ẹ sọ fún dókítà láìbẹ̀rù. Kí ẹ̀yin dókítà náà má ṣe fi òbí tó bá sọ òtítọ́ ṣẹ̀sín, nítorí ẹni tí ẹ bá fi ṣẹ̀sín lónìí yóò purọ́ fún yín lọ́la.

Ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdọọdún ni ayé ń rántí àìsàn yìí. Ó yẹ kí ìlú Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ní nǹkan sọ lọ́jọ́ náà ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé orúkọ ilẹ̀ wa ló wà lára rẹ̀, ọwọ́ wa sì ni àta àti ìyèré wà.

Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wa sí. Àṣẹ.